Bí Mo Ṣe Kọ́ Ọ̀rẹ́ Mi Ní Irin Gbígbé

Ó ti sú mi láti máa dáhùn ìbéèrè kan náà. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé mo wà nídìí eré irin gbígbé látijọ́ á fẹ́ mọ̀ bóyá dandan ni kéèyàn ní olùkọ́ kó tó lè mọ̀ ọ́n, tàbí bóyá ìwé nìkan tó. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ wá olùkọ́, màá sì yára dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀ kí wọ́n má bàa bi mí nídìí rẹ̀. Ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí náà lẹ́ẹ̀kan péré, kí n sinmi.

Láàárín àwọn ọdún 1950, tíṣà kékeré ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Ọ̀kà. Mo ní ọ̀rẹ́ kan. Ẹgbẹ́ ni wá, àdúgbò kan náà la ti dàgbà, àmọ́ òun kò kàwé. Ayùn ló fi ń jẹun. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ a gbẹ́ ihò sínú igbó lápá Ìpè, wọn a yí ìtì igi lé e lórí, ọ̀kan a dúró lókè, ọ̀kan a wọ inú ihò, wọn a sì máa fa ayùn gígùn náà sókè sódò títí igi á fi di pákó. Apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó itan mi. Tó bá bọ̀ mí lọ́wọ́, ìka mi a máa ro mí títí di ọjọ́ kejì, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó rọra.

Lọ́dún kan ni mo kọ̀wé sí ìlú òyìnbó, tí ìwé pélébé kan sì bá pọ́ọ̀sì dé, ìwé tó ń kọ́ni ní irin gbígbé. Àwòrán òyìnbó kan ló kún inú rẹ̀, ọkùnrin onírun ètè. Nínú àwòrán kìíní, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ irin. Nínú èkejì, irin ti wà láyà rẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta, ó ti wà lókè orí rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwòrán kan sí èkejì, kò sẹ́ni tó yà á. A wá irin tó so táyà ẹ̀yìn lọ́rì àlòkù kan pọ̀, a po sìmẹ́ńtì sínú garawa méjì, a sì ti irin náà bọ̀ wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kó tó gbẹ. Garawa kan wúwo ju èkejì lọ díẹ̀. Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn kíláàsì mi, òun á gbé irin, èmi á kàwé. Màá túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà tán, màá pariwo pé, "Tẹ orúnkún! Gbé àyà sókè!" òun á sì ṣe é bí mo ṣe wí gẹ́lẹ́. Ẹ ò lè mọ bó ṣe máa ń dùn mọ́ mi tó. Ọkùnrin tó lè fi ọwọ́ kan gbé mi sọnù ń gba àṣẹ lẹ́nu mi.

Télọ̀ kan wà nítòsí ọjà Ìkàrẹ́, sójà tó ti ogun Bọ́mà dé. Sájẹ́ǹtì ni gbogbo wa ń pè é. Bárékè ló ti kọ́ irin gbígbé. Lọ́jọ́ tí a lọ gba ṣòkòtò tó rán fún mi, ó fi téèpù wọn èjìká ọ̀rẹ́ mi, ó sì mi orí.

"Tíṣà, máa mú un wá bá mi ní gbogbo Sátidé. Ọ̀fẹ́ ni."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà. A ní ìwé."

"Ìwé yẹn á rí i tó bá ṣì í ṣe?"

"Èmi á rí i, sà."

"Hẹn. Apá tó fi ń bọ́ ìyàwó lẹ fi ń ṣeré yẹn o."

Nígbà tí a ń bọ̀, ọ̀rẹ́ mi ní òun kò kọ̀ láti máa lọ. Mo ní kẹ̀kẹ́ gígùn láti Ọ̀kà dé Ìkàrẹ́ á tán an lágbára, pé kí ló fẹ́ fi gbogbo òkè yẹn ṣe. Irọ́ ni. Ìlara ló ń ṣe mí. Mo fẹ́ kí wọ́n máa sọ ní Ọ̀kà pé èmi ni mo kọ́ ọ.

Nígbà tí ọjọ́ eré ìdárayá tí wọ́n fi irin gbígbé sí dé, èèyàn kún pápá Ìkàrẹ́ bámúbámú. Ọ̀rẹ́ mi gbé irin àkọ́kọ́, ó gbé èkejì. Ẹ̀kẹta dé òkè orí rẹ̀, ariwo sì sọ. Lẹ́yìn náà ni apá ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ sẹ́yìn.

Láti kékeré, nígbà tí a kọ́kọ́ ru omi, ohun tí àwọn ìyá wa ń kìlọ̀ fún wa ni pé ẹrù kò gbọdọ̀ bọ́. Bó bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, dúró gbọin, kí o pe ẹni tó máa bá ọ sọ̀ ọ́. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi ṣe gan-an nìyẹn. Ó dúró gbọin, ó ń fi ojú wá mi. Sájẹ́ǹtì kígbe láàárín èrò pé, "Jù ú nù! Jù ú síwájú!" Èmi kígbe pé, "Má jẹ́ kó bọ́!" Ohùn mi ló gbọ́ràn sí. Mo sáré lọ láti bá a sọ ẹrù náà bí mo ṣe ń bá ìyá mi sọ igi ìdáná, àmọ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, irin ti yí sẹ́yìn, ó sì ti fa èjìká náà lọ.

Sájẹ́ǹtì kò bá mi jà. Ó bá wa gbé e wọ lọ́rì, ó jókòó tì mí. "Ní bárékè," ló wí, "ọ̀sẹ̀ kan gbáko la ò fi gbé nǹkan kan sókè orí. Bí a ṣe ń jù ú sílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ wa."

Oṣù mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun ní Ṣúpárè. Apá náà jinná, àmọ́ kò gòkè kọjá àyà mọ́. Ẹnìkejì rẹ̀ nídìí ayùn dúró dè é títí, ó wá mú ẹlòmíràn wọ ihò. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ru ẹ̀gẹ́ lọ sí Ìkàrẹ́ lọ tà. Mo ń lọ kí i nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, a ó kàn jókòó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Tíṣà, ṣé ìwé yẹn ò sọ ọ́ ni, pé èèyàn lè jù ú sílẹ̀?"

Ó sọ ọ́. Ojú ìwé kejì ló wà, ìlà mẹ́rin. Mo kà á lọ́jọ́ tí ìwé náà dé, mo rẹ́rìn-ín, mo sì ṣí i kọjá. Mo rò ó pé ta ni wọ́n tún ń kọ́ bí a ṣe ń sọ ẹrù nù.

Mo ní, "Kò sọ ọ́."

"Mo mọ̀," ló wí. "Ká ní ó wà níbẹ̀ ni, ò bá ti kà á fún mi."