Ọwọ́ Òsì Bísí

Ìṣẹ́jú méje ni Bísí, ọ̀rẹ́ mi, lò lábẹ́ omi láìsí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ tí n kò lè gbàgbé, ní Ilé-Ifẹ̀, lọ́dún 1994. Ìṣẹ́jú kan ni àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ wa kọ sínú ìwé ìjàǹbá.

À ń kọ́ bí a ṣe ń gbé agolo afẹ́fẹ́ pọ̀n mòòkùn nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, tí omi rẹ̀ mọ́ gaara. Létí omi, Bísí fi ọwọ́ òsì dán àmì “afẹ́fẹ́ tán” wò. Olùkọ́ wa jágbe: “Èmi lo na ọwọ́ òsì sí? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?”

“Ẹ má bínú, sà.”

Nísàlẹ̀ omi, afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán lóòótọ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì há sínú okùn agolo rẹ̀. Láti bèbè, mo rí i tí ó gbé ọwọ́ òsì, tí ó wo olùkọ́ tó wà níwájú rẹ̀ lábẹ́ omi, tí ó sì ká a kò. Olùkọ́ yíjú. Ìṣẹ́jú méje ni aago ọwọ́ mi kà kí a tó tú okùn náà; òkú ni a fà jáde.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ kọ méje síbẹ̀, kí olùkọ́ náà sì fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ọwọ́ òsì yẹn fún ìyá Bísí.