Míksà Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta àti Ohùn Àlàájà

Nígbà tó ku bí ọdún méjì kí a wọ 1990, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí mo ti ń tún rédíò ṣe. Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Àwọn oníbàárà á wọlé, wọ́n á wò yíká, wọ́n á ní, "Ọ̀gá ńkọ́?" Èmi náà á ní, "Ẹ jókòó, èmi ni." Ẹlòmíràn, bó bá ti rí i pé obìnrin ni mí, á gbé rédíò rẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ.

Àlàájà kò béèrè ọ̀gá kankan. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti wá. Ó gbé ẹrù kan tí ó fi ìborùn wé sórí tábìlì mi, ó sì jókòó títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Òun ni olórí ẹgbẹ́ asalátù tí wọ́n máa ń pè síbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbà tí àwọn èèyàn bá ti Mẹ́kà dé, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tí kì í dúró. Ṣùgbọ́n ohùn tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà ti há.

"Ọmọ mi," ó ní, "dókítà ní nǹkan kan hù sí mi lọ́nà ọ̀fun. Òní ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Ó ní pẹ̀lú àṣẹ Ọlọ́run màá yè é, ṣùgbọ́n pé òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé màá tún lè kọrin. Mo fẹ́ kí orin mi ti wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kí ọjọ́ náà tó pé."

Ó tú ẹrù náà. Rẹ̀kọ́dà kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú míksà, ẹ̀rọ tó ń kó ohùn máíkì púpọ̀ pọ̀ sójú kan. Ọmọ rẹ̀ ló fi míksà náà ránṣẹ́ láti òkè òkun, nítorí máíkì kan ṣoṣo ni rẹ̀kọ́dà rẹ̀ ń gbà, àwọn elégbè sì máa ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti gbìyànjú rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni okùn míksà, ìyẹn ni pé irin kéékèèké mẹ́ta ló wà lẹ́nu rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ kan ni ti rẹ̀kọ́dà. Nígbà tí ó so wọ́n pọ̀, ohùn ń jáde bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Ó ní àwọn tó ṣe míksà náà kò ro kásẹ́ẹ̀tì wa mọ́ ọn rárá, kí Àlàájà má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

"Ìwọ ńkọ́, kí lo rí sí i?"

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, Ìyá," ni mo wí. Ẹ̀rù ń bà mí o, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó hàn lójú mi.

Ìwé tó bá míksà náà wá, èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ládùúgbò wa ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo ṣáà ń wo àwòrán inú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ló tó yé mi. Nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn, ọ̀kan jẹ́ ti ilẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní "earth", méjì ló ń gbé ohùn, ṣùgbọ́n bí èkíní bá ń lọ sókè, ìsàlẹ̀ ni èkejì ń lọ. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn ti so àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n sì ń pa ara wọn. Mo mú ọ̀kan, mo fi èkejì sílẹ̀, mo sì mú ti ilẹ̀, mo so wọ́n mọ́ okùn rẹ̀kọ́dà. Ohùn bẹ́ jáde, ó le débi pé ó ń ya. Mo fi rẹsísítọ̀ méjì, àwọn kékeré tó ń dín agbára kù, sáàárín wáyà náà. Mo sọ "Bisimilááhì" sínú máíkì, mo sì padà gbọ́ ọ nínú kásẹ́ẹ̀tì. Bàbá mi tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní, "Ta ló wà pẹ̀lú rẹ níbẹ̀ yẹn?" Mo bú sẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé, mo kó ohun gbogbo lọ sí pálọ̀ Àlàájà. A ta ẹní bo fèrèsé kí ariwo ìta má bàa wọlé. Bàbá onírédíò yẹn náà wá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo tanná sí i. Híhùn kan gba gbogbo inú rẹ̀kọ́dà, hùùùùn, bí oyin.

"Mo ti sọ ọ́," ni bàbá náà wí. "Ìwọ obìnrin yìí, o kàn ń da ìyá láàmú ni."

Mo tún wo àwọn okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ló yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀bù? Mo rántí pé bátìrì ni mo fi ń lo rẹ̀kọ́dà nígbà tí mo ń dán an wò. Níhìn-ín, ara ògiri ni ẹ̀rọ méjèèjì ti ń mu iná, iná ilé sì ń pàdé ara rẹ̀ nínú wáyà mi, ìyẹn ló ń hùn. Mo fa okùn iná rẹ̀kọ́dà yọ.

"Ẹ bá mi wá bátìrì mẹ́fà!"

Àwọn elégbè fọ́n jáde. Wọ́n tú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n tú rédíò aládùúgbò, wọ́n kó o dé. Nígbà tí mo tún tẹ bọ́tìnnì, kẹ́kẹ́ pa. Mo gbọ́ bí Àlàájà ṣe ń mí nínú máíkì tirẹ̀.

Orin àkọ́kọ́, ikọ́ gé e. Ó mu omi gbígbóná, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn náà là. N kò mọ ibi tó ti rí i. Orin méje ló kọ láìdúró, àwọn elégbè wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà, tí mo sì tẹ̀ ẹ́ fún wọn gbọ́, àwọn obìnrin náà hó yèè. Àlàájà ṣáà ń sọ pé, "Alhamudulilááhì, èmi nìyí, èmi gan-an nìyí."

Bàbá onírédíò dìde, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀rọ.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n rí bí ẹ ṣe so ó."

Mo tú okùn náà, mo sì fi hàn án, wáyà kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Ara Àlàájà yá, ó pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gòkè bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì náà ni àwọn èèyàn ń dà kọ lọ́wọ́ ara wọn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo wọ mọ́tò tó ń lọ sí Ìkòyí-Ilé, orin rẹ̀ ni awakọ̀ fi sí i. Gbogbo èrò ọkọ̀ ló ń gbè é. Mo ní kí awakọ̀ yí i sókè sí i, èmi náà sì dá sí ègbè.