Ẹni Tó Ń Jẹ Búrẹ́dì Jíjóná

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, ìwé tí mo kà kò pọ̀. Búrẹ́dì jíjóná ló máa ń rán mi létí ẹnjiníà tó wà nílé búrẹ́dì wa l'Ágége, nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ẹnjiníà yìí so ọwọ́ irin kan mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń kọ́ ọ kó lè máa ti búrẹ́dì tó bá jóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀. Èmi ni mo ń gbé búrẹ́dì síwájú kámẹ́rà rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ náà bá wo èyí tó jóná tán, ẹnjiníà fúnra wọn á jẹ ẹ́.

Ọ̀gá wa á ní, "Ẹnjiníà, ikùn yín á dúdú o. Tí ẹ̀rọ yín ò bá mọ̀ ọ́n kí oṣù tó parí, màá tà á fún àwọn onírin àlòkù."

"Ọmọdé ni, ọ̀gá. Ohun tá a bá fi hàn án ló máa mọ̀."

Oṣù ò tíì parí tí àìsàn fi mú ẹnjiníà lọ. A sin wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tan ẹ̀rọ náà, mo gbé búrẹ́dì síwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ọwọ́ irin náà rọra ti èyí tó jóná sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo mú un, mo sì jẹ ẹ́ tán.