Eegun Àgbò Ìyá Láàbù

Bí ẹ bá dé ilé ìwé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ẹ béèrè Kúbúrátù, àwọn ọmọ á kàn máa wò yín ni. Ìyá Láàbù ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ìgò fífọ̀ àti ilẹ̀ gbígbá nínú láàbù ni wọ́n gbà á fún, ṣùgbọ́n olùkọ́ bàọ́lọ́jì kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ọrùn rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ń já lé. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní yàrá kejì, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Tí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, á máa bẹ àwọn aládùúgbò láti ojúlé dé ojúlé pé kí wọ́n má fọ́ eegun ọrùn àti ẹ̀yìn àgbò wọn. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, tí gbogbo ìlú ń ṣe fáàrí, eegun lòun ń sè lẹ́yìnkùlé. Á sá a gbẹ, á fi wáyà so ó ní oríkèé-oríkèé títí àgbò á fi tún dúró lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Eegun yìí ló fi kọ́ Moṣọpẹ́, ọmọ àgbẹ̀ kan láti Ìmùṣin, lẹ́yìn ìwé fún ọdún mẹ́ta gbáko. Moṣọpẹ́ di dókítà, ó lọ sókè òkun. Inú ìyá dùn bí ẹni pé òun ló bí i.

Lọ́dún yìí, Moṣọpẹ́ pè pé òun ń mú àwọn òyìnbó tó ń ran ẹ̀kọ́ ìṣègùn lọ́wọ́ bọ̀, kí wọ́n kó gbogbo ohun tó wà nínú láàbù kúrò. Ìyá rò pé wọ́n fẹ́ kùn ún ni. Èmi àti ẹ̀ la jọ kó eegun náà sí yàrá tí àga kíkán wà. Ó ń dùn mí dòní.

Àwọn àlejò gbé kámẹ́rà sókè. Moṣọpẹ́ dúró láàárín yàrá òfìfo, ó ní nígbà tí òun wà níbẹ̀, kò sí eegun kan, kò sí olùkọ́, òun lòun kọ́ ara òun. Ẹnu ọ̀nà ni ìyá wà, ó gbé omi àlejò dání. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Èmi ò ṣépè o, ohun tí mo rí ni mò ń sọ.

Nígbà tó ṣe, Moṣọpẹ́ wá kúnlẹ̀. Ó ní kí ìyá má bínú, pé àwọn èèyàn yìí kì í ran ibi tó bá ti ní nǹkan lọ́wọ́.

“Mo gbọ́ ti eegun,” ni ìyá wí. “Èmi ńkọ́, Moṣọpẹ́? Ṣé èmi náà ò sí ni?”

Moṣọpẹ́ dìde. Ó ní àwọn àlejò ti wà nínú mọ́tò, pé òun á pè tí òun bá dé Èkó.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé. Kò pè.