Ìpẹ́ Ẹja Inú Bíbélì Ìyá Aránṣọ

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìwáyà, tí màámi ń yan ẹja tà, kò sẹ́ni tó rán mi níléèwé. Ìdí ààrò ni mo dàgbà sí, èéfín ti sọ ọwọ́ mi di dúdú. Ìwọ ọmọ tí ò ń bá mi kọ ọ́, má rẹ́rìn-ín o, bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni kó o kọ ọ́.

Ìyá aránṣọ kan wà nílé wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́, yàrá ẹ̀ kọjú sí ààrò wa. Tó bá ti pa máṣíìnì tì ní ìrọ̀lẹ́, á gbé Bíbélì jáde, á jókòó sórí àpótí, á ka ẹsẹ kan ṣoṣo. Èmi náà á máa wí i tẹ̀lé e bí mo ṣe ń yí ẹja padà. Ẹsẹ kan yẹn la ó máa jẹ lẹ́nu títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Tí mo bá ní kó ka òmíràn, á ní, "Èyí tó wà lẹ́nu ẹ ńkọ́, ṣé o ti gbé e mì?"

Torí pé mi ò mọ̀wé, ó ń bá mi fi àmì síbi tí mo bá ti kọ́ sórí. Òwú pupa wà níbi ìtàn ọmọ onínàákúnàá. Ìyẹ́ adìẹ wà níbi tí Pétérù ti sẹ́ Olúwa kí àkùkọ tó kọ. Níbi Sáàmù olùṣọ́-àgùntàn, ìpẹ́ ẹja ló bọ́ lọ́wọ́ mi sínú ìwé. Mo fẹ́ yọ ọ́, ó ní, "Fi sílẹ̀ jàre, tìẹ nìyẹn."

Láyé ìgbà yẹn, ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá fẹ́ ṣèrìbọmi ní ìjọ wa gbọ́dọ̀ ka Bíbélì lójú àwọn àgbà. Mo fẹ́ ìrìbọmi yẹn bí ẹni tó fẹ́ omi mu lọ́sàn-án gangan. Nígbà tó kàn mí, pásítọ̀ na Bíbélì tuntun sí mi, ó ní kí n ka Sáàmù olùṣọ́-àgùntàn. Mo ṣí i síwájú, mo ṣí i sẹ́yìn. Mo gbọn ìwé náà, kò sí nǹkan kan. Mo bá figbe ta: "Bàbá, ìpẹ́ ẹja ti jábọ́ nínú Bíbélì yín o!"

Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú fún ẹ̀rín. Àgbà ìjọ kan ní, "Ọmọ ẹlẹ́ja, ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ sè ni?" Òmíràn ní kí n máa lọ sílé, kí n padà wá tí mo bá mọ̀wé. Omi bọ́ lójú mi. Ta ni yóò kọ́ mi níwèé, nígbà tí ẹja ń dúró dè mí nílé?

Pásítọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó gba Bíbélì lọ́wọ́ mi, ó pa á dé. "Wí i fún mi láìwòwé." Mo wí i dópin. Ó ní, "Àfonífojì òjìji ikú yẹn ńkọ́, kí ló yé ọ níbẹ̀?"

Mo ní, "Bàbá, ní ìdájí tí èmi àti màámi bá ń lọ ra ẹja létí ọ̀sà, orí pákó la máa ń gbà, omi wà lábẹ́ wa, mi ò kì í rí iwájú. Etí ìró tí màámi ró mọ́dìí ni mo máa ń dì mú. Èmi ò mọ̀nà, màámi ló mọ̀ ọ́n. Ó jọ pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ń ṣe é."

Ẹ̀rín tán. Pásítọ̀ yíjú sí akọ̀wé: "Kọ orúkọ ọmọ yìí sílẹ̀."

Lónìí, inú fóònù ni Bíbélì yín wà. Ìwọ náà ń kà á fún mi, o ṣeun, àmọ́ o máa ń sáré jù! Kí omi ẹ̀kọ mi tó hó, o ti ka orí mẹ́ta. Tí mo bá bi ọ́ lóhun tó o kà, wàá ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n tún un wò." Mi ò bá yín jà, ìgbà ló yí padà. Àmọ́ níbo lèèyàn fẹ́ fi ìpẹ́ ẹja sí nínú fóònù?

Kí ìyá aránṣọ tó kú, ó fún mi ní Bíbélì ẹ̀. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló wà. Mi ò mọ̀wé dòní. Ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ bá ń ro mí, tí mi ò mọ ohun tí ọ̀la máa mú wá, mo máa ń ṣí i, màá fọwọ́ wá ìpẹ́ yẹn kàn. Ó ṣì wà níbẹ̀. Mo ti di etí ìró mú nìyẹn.