Wàrà Ìyá Alíyà àti Àrùn Wèrè Màlúù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tó ṣojú mi nínú ilé tí mo háyà ní Odoakpu, nílẹ̀ Ígbò níbí, kí ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá Alíyà, opó ọmọ Ìlọrin, ló ń se wàrà lẹ́yìnkùlé wa. Ó ń ra mílíìkì tútù lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní tó ń da màlúù lẹ́yìn ìlú, ó sì ń tà fún gbogbo Yorùbá tó wà ládùúgbò. Ìkòkò yẹn ló ń bọ́ òun àtàwọn ọmọ rẹ̀.

Aládùúgbò wa kan sì wà, òṣìṣẹ́ báǹkì tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di Dókítà nínú ẹ̀kọ́ nípa ìdarí òṣìṣẹ́ ni. Ẹ má pè é ní Bọ̀dá Kúnlé mọ́ o! Èmi náà lọ sí yunifásítì, mo mọ bó ṣe máa ń gunni.

Dókítà ka nǹkan lórí fóònù, ló bá pe gbogbo ayálégbé jọ. Ó ní àrùn kan wà tó ń ya màlúù ní wèrè, tó ń dá ọpọlọ lu bíi kànìnkànìn, tó sì lè ran ènìyàn. Ó ní kì í ṣe kòkòrò ló ń fà á, purotéènì kan tó gbòdì ni, príọ́nì lorúkọ rẹ̀, iná kì í sì í pa á. Nítorí náà, kí Ìyá Alíyà gbé ìkòkò rẹ̀ kúrò nínú ọgbà.

Mama Nkechi, onílé wa, ní òun máa dá ẹjọ́ náà ní Sátidé.

Ìyá Alíyà bá mi lẹ́nu ọ̀nà. “Bàbá Táyọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ṣé wèrè ni mò ń tà láti ọjọ́ yìí?”

Mo ní kó jẹ́ kí n wádìí ná. N kò mọ̀! Ṣùgbọ́n bí iná kò bá ran nǹkan náà, kí ló dé tí gbogbo Ìlọrin kò tíì ya wèrè? (Ẹ má dá mi lóhùn o.)

Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ dókítà ẹran. Ó ní òótọ́ ni pé àrùn náà wà, òótọ́ sì ni pé sísè kì í pa á. Ṣùgbọ́n inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń gbé jù. Ti mílíìkì màlúù, àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí ẹ̀rí pé ó ti kó o ran ẹnikẹ́ni. Ti àgùntàn àti ewúrẹ́, oríṣi tiwọn lè gba inú wàrà ọmú dé ara ọmọ wọn, wọ́n ṣì ń wádìí ìyẹn. Ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ àtàwọn àrùn bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká máa bẹ̀rù nínú mílíìkì tútù, sísè sì ń pa wọ́n.

Sátidé dé. Dókítà ní ká kúkú fi ìpàdé náà wẹ oyè òun, ó se pẹpẹsúùpù orí màlúù! Òun olóyè ni wọ́n bu ọpọlọ fún. Ó ń fi ṣíbí júwe ewu inú mílíìkì fún wa lọ, títí ó fi kàn mí láti sọ̀rọ̀. Mo sọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi wí, láìfi ọ̀kan pamọ́.

Mama Nkechi na ọrùn wo àwo Dókítà. “Doctor, biko, that white thing wey dey your spoon, na milk?”

Ha! Ẹ̀rín pa wá! Èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè gbé e mì, kò sì lè tu ú.

“Mama Alíyà, cook your thing,” ni onílé wí. “But boil am well well o!”

Ìyá Alíyà kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn mí kanlẹ̀, ó sì jókòó.

Àánú Dókítà wá ṣe mí. Mo sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọ̀rẹ́ mi kò tíì gbọ́ pé wọ́n rí àrùn náà lára màlúù ilẹ̀ wa. Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú? Ìbéèrè gidi àkọ́kọ́ tó béèrè láti ìgbà tó ti di Dókítà nìyẹn! Mo ní rárá o, ká jọ máa wádìí.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé, ká tó lé ìkòkò ẹlòmíràn síta, ká kọ́kọ́ ṣí tiwa wò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Oúnjẹ wo ni ọ̀mọ̀wé kan ti fi dẹ́rù bà yín rí? Ṣé ẹ wádìí, àbí ẹ sá? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á, wàrà wà lẹ́nu mi.