Orúnkún Tó Ń Gun Kẹ̀kẹ́

Àárọ̀ Sọ́ńdè ni èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ọbaléndé, a ó gba ọ̀nà Adéníji Adélé kọjá. Wọ́n ní kí n gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ mi sókè kí orúnkún mi má baà máa ká jù, mo kọ̀, torí mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi máa kanlẹ̀ tí mo bá dúró. Kò pẹ́ tí orúnkún mi fi wú. Dókítà ní mo ti lò ó jù, kí n sinmi. Mi ò gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti ọkọ mi lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ẹnu Ọ̀wá. Mo tẹrí ba, mo ní kí wọ́n má bínú, orúnkún ò jẹ́ kí n kúnlẹ̀.

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. “Èyí tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri Èkó ni kò lè kúnlẹ̀ kí mi?”

Inú bí mi. Mo fi orúnkún méjèèjì lu sìmẹ́ńtì gbì. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀. Mo wo ọkọ mi. Fóònù ló ń wò.

“Ó kúkú ṣeé ṣe,” ni ìyá rẹ̀ wí, wọ́n sì wọlé lọ mu tíì wọn.